Ohùn Tó Yẹ Ìkéde Òkú

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ọdún 2022, òjò wọ inú sítúdíò ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Ring Road, ní Ìbàdàn. Ìkéde òkú ni mo ń kà lọ́wọ́. Omi náà kò kán láti òkè. Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló gbà wọlé, kápẹ́ẹ̀tì náà sì ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ikùn aláboyún. Mo ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé tán, mo ka ti àwọn ọmọ-ọmọ, mo sọ ibi tí wọn yóò ti ṣe ìsìn ìdágbére, mo sì pa máìkì. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nínú omi.

Àjà kẹta, tí í ṣe àjà òkè pátápátá, ni a wà nínú ilé náà. Ilé àtijọ́ ni. Òrùlé rẹ̀ kì í ṣe páànù. Kọnkéré pẹrẹsẹ ni, wọ́n sì to táǹkì omi lé e lórí. Sítúdíò kò ní fèrèsé kankan, nítorí ariwo ọkọ̀ ojú títì. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n tún fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bo fóòmù náà láti ilẹ̀ dé òkè, kí ohùn má baà máa dún padà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo débi pé èjìká la fi ń tì í. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi níbẹ̀. Ẹni tó bá ti inú oòrùn wọlé á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná.

Ọ̀gá Theophilus, alákòóso wa, wá wo omi náà. Ó fẹ́ràn ojútùú tó lè parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Ó ní kí wọ́n gbé fáànù síbẹ̀. Nígbà tí fáànù kò mú un gbẹ, ó ní kí wọ́n da káńfọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Òórùn tó ń jáde lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì kò lọ. Ó kàn di òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láì gbẹ, tí wọ́n wá da káńfọ̀ lé lórí. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àbàwọ́n dúdú jáde sójú kápẹ́ẹ̀tì, ó rí bí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀gá ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun, pupa bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n kàn án mọ́ orí èyí tó wà níbẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ti àkọ́kọ́ dànù?” Sàídì ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹnjiníà wa. Ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń jókòó sí, níbi tó ti ń darí ohùn.

“Tá a bá ya á, níbo la ti máa sọ̀rọ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi lẹ òmíràn? Lórí òrùlé?”

“Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan péré, sà.”

“Ọ̀sẹ̀ kan! Rédíò tó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti kú nìyẹn. Ta ló máa wá kéde tiwa?” Ó fi ọwọ́ tẹ ògiri. “Kápẹ́ẹ̀tì méjì á tún mú ohùn dáa sí i.”

Lóòótọ́, ohùn dáa sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nínú ilé-iṣẹ́ náà: ìròyìn aago méje alẹ́. Alàgbà Bámidélé ló ti ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n dá rédíò náà sílẹ̀, ó sì máa fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún un tipẹ́. Nígbà tí bàbá mi kú tí mo fi ilé-ìwé ọ̀sán sílẹ̀, ilé-ìwé alẹ́ ní Mọ́kọ́lá ni mo ti parí ìwé mẹ́wàá. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ní. Èmi ni tíṣà máa ń ní kí n dìde kà á fún àwọn yòókù, torí ohùn mi ń dé ẹ̀yìn kíláàsì kódà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún. N kò mọ ohun mìíràn tí mo ní ju ẹlòmíràn lọ.

Ìkéde òkú ni iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ọ̀gá Theophilus sọ fún mi pé, “Ọmọ́fẹ́, fara balẹ̀. Bí Alàgbà bá ti lọ, ìwọ ni. Olóyè kàn máa gbọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ni.” Olóyè Ikúbọlájẹ́ ló ni rédíò náà. Bódìjà ló ń gbé, kì í sábà wá. Orí rédíò ló ti ń ṣọ́ wa.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé, ikọ́ gbígbẹ tí kì í mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ tí mo bá ti jókòó sí sítúdíò tán, ó sì máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí n kì í lọ síbi iṣẹ́. N kò ka èyí sí nǹkan kan. Mo rò pé ikọ́ náà mọ ọjọ́ ìsinmi ni.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ojú Alàgbà Bámidélé máa ń pọ́n, omi á sì máa dà lójú rẹ̀ tó bá ń ka ìròyìn. Ó rò pé dígí òun ni, ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sàídì ń sín. Kánsílọ̀ kan wá sọ̀rọ̀ lórí títì kan tí wọ́n pa tì ní Agbowó. Kò pẹ́ tó fi ń fa imú, ó ń nu ojú, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn olùgbọ́ pè wá lórí fóònù pé kó má sunkún mọ́, àwọn ti dárí jì í.

Gbogbo èèyàn ló mọ oògùn ohun tó ń ṣe mí. Alàgbà Bámidélé ní kí n máa jẹ orógbó. Mo jẹ ẹ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Mo lá a. Ọ̀gá Theophilus ní kí n yéé mu omi tútù, bẹ́ẹ̀ n kì í mu omi tútù.

“Sístà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín,” Sàídì wí. “Àwọn òkú tẹ́ ẹ ń kéde yìí ló ń dì mọ́ yín lọ́fun. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ máa ka ti alààyè díẹ̀.”

“Ìròyìn ni ti alààyè. Wọn ò tíì gbé e fún mi.”

“Ẹ ṣáà má kú kí wọ́n tó gbé e fún yín o. Ta ló máa kéde yín? Adéwùnmí?”

Adéwùnmí ni ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Agbowó. Òun ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí láàárọ̀. Bí ó bá ń sọ pé òjò máa rọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun ló fẹ́ rọ òjò náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ohùn mi ti há. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí mo bá dé àárín gbólóhùn, á já, á wá máa fà bí ohùn ẹni tí ẹkún gbọ̀n. Alàgbà Bámidélé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ mi, ìròyìn ò fẹ́ ẹkún. Bí ilé bá jó, kà á. Bí wọ́n bá jọba tuntun, kà á bákan náà. Ohùn tó o ní yìí, wá nǹkan ṣe sí i kí oṣù Kìíní tó dé.”

“Mo ń jẹ orógbó, sà.”

“Jẹ púpọ̀ sí i.”

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìyá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn wá bá wa láti Challenge, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ó jókòó, ó mí, ó wá bèèrè pé, “Èwo nínú yín ni ọmọ tó sunkún bàbá Shakirah?”

A wo ara wa. Bàbá Shakirah jẹ́ òkú kan tí mo kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Èmi ni mo kà á, mà. Àmọ́ mi ò—”

“Ìwọ nìyí?” Ó fà mí mọ́ra. “Ọmọ dáadáa. O ò mọ ọkùnrin yẹn rí, o sì sunkún ẹ̀ báyẹn. Rédíò kejì tí wọ́n gbé e lọ, àfi bíi pé wọ́n ń polówó ọṣẹ. Bàbá àwọn ọmọ yìí náà lọ lánàá. Ìwọ ni mo fẹ́ kó kà á.”

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà. Ọ̀fun ló ń dùn mí, mà, kì í ṣe ẹkún.”

“Ẹkún ní í máa dun èèyàn lọ́fun,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi.

Ọ̀gá Theophilus gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn èèyàn ti ń wá láti Mọ́kọ́lá, láti Ìwó Road, láti Bódìjà, wọ́n ń bèèrè obìnrin ẹlẹ́kún. Wọ́n fi ìkéde ọ̀sán kún ti òwúrọ̀, wọ́n tún fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i nínú yàrá náà ni ohùn mi ń há sí i, bí ohùn mi sì ṣe ń há sí i ni òkú ń pọ̀ sí i. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Challenge lọ́jọ́ kan, mo ní kó gbé mi dé Ring Road. Ìyá tó jókòó tì mí yíjú sí mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

“Ta ló tún kú?” ló bi mí.

Ní ìparí ọdún, wọ́n fún mi ní ìsinmi, mo lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Ìgbájọ. Ọyẹ́ ti dé. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń jókòó sí. N kò lo oògùn kankan, n kò jẹ orógbó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe àbúrò mi láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì dá mi lóhùn láti ojú títì.

“Ohùn ẹ ti dé,” màmá mi wí.

“Ó ti dé, mà.”

“Níbo ló lọ?”

“Ibi iṣẹ́, mà.”

“Iṣẹ́ wo ló ń gba ohùn lọ́wọ́ èèyàn?” Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní. Mo ka ìkéde àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run fún mi. Ó mọ́ gaara. Kí n tó dìde, fóònù ti ń dún. Ọkùnrin tó gbé ìkéde náà wá ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ: obìnrin ẹlẹ́kún ni òun bèèrè, ẹni tí wọ́n wá gbé síbẹ̀ ń ka ikú bàbá òun bí ẹni pé bàbá òun jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀gá Theophilus pè mí. “Ọmọ́fẹ́, kí ló dé sí ohùn ẹ?”

“Ara mi ti yá, sà.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ a ò fẹ́ ẹ báyìí. Wọlé lọ jókòó díẹ̀ kó tó di ti ọ̀sán. Ó máa padà.”

Mo wọlé lọ jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti padà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé yàrá náà ló ń ṣe mí. Mo sọ fún Sàídì. Kò bá mi jiyàn. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní igun yàrá, ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòmù tó wà lẹ́yìn wọn já bọ́ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ògiri kò ní àwọ̀ ògiri mọ́. Ó ti bu, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọ̀rá: ó dúdú níbì kan, ó ní àwọ̀ ewé níbòmíràn, ó sì hu irun funfun wẹ́wẹ́ tó ń mì nígbà tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ lù ú. Eruku kan dìde.

“Ẹ má mí, Sístà.”

“Mo ti ń mí in láti oṣù Kẹfà.”

Sàídì sín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìró sísín náà ló mú Ọ̀gá Theophilus wọlé. Ó wo ògiri.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i?”

“Ọ̀gá, nǹkan yìí la ń mí símú,” Sàídì wí.

“Mo ti rí i. Ẹ dá a padà síbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bá wa polówó ìpara wà níta.”

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Dókítà obìnrin kan ló rí mi. Ó gbọ́ àyà mi, ó yẹ ọ̀fun mi wò, ó wá bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àti bí ibẹ̀ ṣe ń rùn. Kò sí ẹni tó ti bi mí ní ìbéèrè kejì yìí rí. Mo sọ fún un. Ó ní ohun tó ń hù lára ògiri náà máa ń tú eruku tí ojú kò lè rí, àti pé bó ṣe ń ṣe oníkálukú yàtọ̀: á mú ẹnì kan sín, á mú ojú ẹlòmíràn yún, á bá ẹlòmíràn dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ lè má rí èémí mí mọ́. Tèmi wà ní ọ̀fun àti àyà. Ikọ́ ojoojúmọ́, pẹ̀lú kíkà tí mo ń fi ipá kà, ti mú kí okùn ohùn mi máa ha ara wọn.

“Oògùn wà,” ó wí, “àmọ́ mi ò lè máa fún yín lóògùn kẹ́ ẹ tún máa padà lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ kúrò nínú yàrá yẹn. Tẹ́ ẹ bá kúrò báyìí, ohùn yín á padà. Tẹ́ ẹ bá tún ń kàwé nínú ẹ̀ lọ, mi ò lè ṣèlérí.”

Ọjọ́ tí Olóyè máa wá gbọ́ àwọn tó fẹ́ ka ìròyìn ti sún mọ́lé. Mo bẹ Ọ̀gá Theophilus pé kó yọ mí kúrò nínú ìkéde òkú títí di ọjọ́ náà. Ó gbà. Èyí yà mí lẹ́nu.

“Lọ sinmi,” ó wí. “Adéwùnmí á máa kà á.”

Mo gbélé ní Challenge. Mo ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń lo oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Ohùn mi ń padà bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Olóyè Ikúbọlájẹ́ kú.

Adéwùnmí ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kò tíì dé orúkọ ọmọ kẹta tí Olóyè fi pe Ọ̀gá Theophilus lórí fóònù. Sàídì ní ẹ̀yìn gíláàsì lòun wà tóun ti ń gbọ́ ọ. “Theophilus, ta lẹ gbé síbẹ̀? Ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín! Ìyá mi ló kú o! Ẹlẹ́kún dà?”

Ọ̀gá Theophilus fúnra rẹ̀ ló wá sílé mi.

“Ọmọ́fẹ́, o mọ̀ pé mi kì í bẹ̀bẹ̀.”

“Dókítà ní kí n má wọ ibẹ̀, sà.”

“Mo mọ̀. Ṣé ìwọ lo máa sọ fún Olóyè? Ìyá wọn wà ní mọ́ṣúárì, ká wá ní a ò lè kéde ìyá wọn nítorí pé ògiri bu?” Ó wò mí. “Àwọn náà ló sì máa gbọ́ ẹ lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn yẹn o.”

A kì í gbé ọ̀rọ̀ ògiri lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Mo wọ bàtà mi.

Sàídì ní ká má wọ sítúdíò rárá. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, ó fi aṣọ ìbora bo èmi àti máìkì, mo sì ka ìkéde náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àmọ́ ó dára. Ohùn náà kò mọ́ jù, kò sì há jù. Olóyè fẹ́ràn rẹ̀. A rò pé a ti bọ́, pé wọ́n á kàn máa tún un gbé sáfẹ́fẹ́ títí di ọjọ́ ìsìnkú.

A ti gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìkéde òkú kì í ṣe ti òkú. Ti àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ẹni tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀ á gbà pé wọ́n ti lé òun kúrò nínú ẹbí, ní gbangba, níwájú gbogbo Ìbàdàn. Ìyá Olóyè sì bímọ púpọ̀, ó tún tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ wá pé nínú àwọn ọmọ-ọmọ, a pe Olúṣẹ̀yẹ ṣáájú Bọ́láwárìn, bẹ́ẹ̀ Bọ́láwárìn ló jù ú lọ. Ní ọ̀sán, ọkọ ọmọ wọn kan, Alájì Surajudeen, ní a pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n Olóyè kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé fara hàn, wọ́n ní táwọn kò bá gbọ́ orúkọ àwọn, àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ìyípadà náà sì máa ń dé nígbà tó bá ku díẹ̀ ká wọ orí afẹ́fẹ́, tí kò sí àyè láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀.

Mo wọ sítúdíò. Mo kà á ní òwúrọ̀, mo kà á ní ọ̀sán, mo kà á ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí èyí tó bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ dọ́gba.

“Sístà, ẹ kàn pe orúkọ Alájì nìkan,” Sàídì wí. “Màá gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Mo pè é. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó dà bíi pé obìnrin kan ń kéde, tí ọkùnrin arúgbó kan sì ń dá sí i láti inú kànga. Sàídì tún un gbọ́, ó pa á rẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo padà wọlé.

Wọ́n sin ìyá náà ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo ń ka ìkéde ìkẹyìn, èémí mi kò gbé orúkọ rẹ̀ délẹ̀. Mo ní láti dúró mí láàárín orúkọ àti oyè. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn obìnrin sunkún gidigidi ní Bódìjà.

Olóyè wá gbọ́ wa ní ọjọ́ Ajé. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó jókòó ti Sàídì lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sítúdíò sílẹ̀ kó lè rí wa dáadáa. Adéwùnmí ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ka ìròyìn kan nípa omi ẹ̀rọ, ó sì kà á dáadáa. Mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn kan náà ni wọ́n fún mi. Mo mọ gbogbo ibi tí ó yẹ kí ohùn ti gòkè àti ibi tí ó yẹ kó ti sọ̀. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ní gbólóhùn kejì, kò sí ohun tó jáde mọ́ àyàfi èémí. Mo fi èémí náà kà á dé òpin, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí n dúró.

Nígbà tí mo jáde, Olóyè ń nu ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọ̀fọ̀ ni tàbí ògiri.

“Ọmọ yìí ṣì ń sunkún ìyá mi,” ló sọ fún Ọ̀gá Theophilus. “Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ màmá ká a lára gan-an ni, sà.”

“Sà,” mo wí, “ògiri ni.” Kò dún síta.

“Má sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀. Ó ti tó.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹni tó bá ní irú ọkàn báyìí, èèyàn ò gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn dà á láàmú. Ẹ gbé ìròyìn fún ọmọ àkọ́kọ́ yẹn. Eléyìí, ẹ fi ṣe olórí gbogbo ìkéde òkú.”

Sàídì dìde lẹ́yìn gíláàsì. “Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì yìí hàn yín.”

“Kápẹ́ẹ̀tì?” Olóyè yíjú wo ògiri, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán létí nǹkan. “Òótọ́ lo sọ. Ó ti gbó. Mo ti ń wá ohun tí màá fi rántí ìyá mi níbí.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì tuntun dé, aláwọ̀ búlúù, ó nípọn ju àwọn tó ṣáájú lọ. Wọ́n kàn án mọ́ orí méjèèjì tó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé àwòrán ìyá náà kọ́ sórí rẹ̀.

Sàídì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì, lẹ́yìn tí èémí há mọ́ ọn láyà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì fi èjìká gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀ báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀kùn. Èmi kọ̀wé fi ipò olórí sílẹ̀ ní oṣù Kẹta, mo sì kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Theophilus rò pé mo ń bínú nítorí ìròyìn. Adéwùnmí ló ń kà á. Mo máa ń tan rédíò gbọ́ ọ. Ó ń kà á dáadáa. Láti bí oṣù mélòó kan, ó ti ń dúró wú ikọ́.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó fi iná wo ọ̀fun mi. Ikọ́ ti lọ, àyà mi sì ti dára. Okùn ohùn mi ti le níbi tó ti ń ha ara rẹ̀, kò sì ní rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá jókòó tì mí lè gbọ́ ohun tí mo ń sọ. N kò ka ìròyìn aago méje rí, n kò sì ní kà á.